Bí Mo Ṣe Bó Ọ̀dà Ìdí Ọkọ̀ Orí Òkè

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kejì

Limota ti lọ. Àpò kan, ìkòkò kan, àti agboòrùn rẹ̀ ló kó, nígbà tí òjò kò tíì rọ̀ láti ọdún tó kọjá. Àbúrò rẹ̀, Sọ̀fíyàt, ló dá a sílẹ̀ láìmọ̀. Ó ti Mẹ́kà dé, ó gbé omi sàmúsàmú wá kí wa ní Ọ̀kà, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ròyìn. Limota gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé níwájú ilé wa, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Gbogbo àwọn àbúrò mi ló ti di Alhaja. Èmi nìkan ni ìyàwó ọkọ̀."

Mo ní, "Ìyá Munir, jẹ́ kí àlejò lọ ná."

Ó ní, "Èmi náà ń lọ."

Kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ugbe. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní ọjọ́ tí òun bá gbọ́ pé ọkọ̀ náà kúrò níwájú ilé ni kí n máa retí òun. Lẹ́yìn náà ó yí sí èdè Ugbe. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò gbọ́ ju "jẹun" àti "dìde" lọ nínú èdè náà, kò sì sí ọ̀kankan nínú méjèèjì nínú ohun tí ó sọ.

Ó jàre. Owó tí ó ta obì kó jọ láti fi lọ sí Mẹ́kà ni mo yá, tí mo fi ra ọkọ̀ yẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ díje. Nígbà tí mo wá di kánsẹ́lọ̀, tí ìjọba fún wa ní ààyè Mẹ́kà kan, èmi ni mo lọ. "Mo yá" ni mo kọ sókè yẹn. Kí n tún un kọ: mo gbà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kejì

Mo pe Uthman ní Lókòjà. Mo kọ́ ọ ní jọ́gíráfì ní Ìkàrẹ́ kí n tó di párínsípà. Ní báyìí ó ń fi ọkọ̀ kó èrò sọdá odò Ọya. Ó ní òun á ra ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ bó gbogbo ọ̀dà ìdí rẹ̀ dé ara igi.

"Sà, ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kun ìdí ọkọ̀ òkun, májèlé ni. Wọ́n ṣe é kí ohun ẹlẹ́mìí má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Odò yẹn ni àwa ń mu."

Mo ní ṣé kí n fi iná sun ún.

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jóná, sà."

Kí n fi sáńpépà gbo ó ńkọ́?

"Eruku rẹ̀ burú ju òun gan-an lọ. Ẹ ra rimúfà, ẹ fi pa á lára, ẹ jẹ́ kí ọ̀dà náà rọ̀, kí ẹ wá fi irin họ ọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn Ìtúnu mò ń bọ̀ pẹ̀lú lọ́rì. Tí mo bá bá ọ̀dà níbẹ̀, mo máa padà."

Ohùn tí mo fi máa ń bá a sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

Mo sọ fún Sàídì, aládùúgbò mi, dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Suleiman, kì í ṣe ọ̀dà pupa nìkan ló wà níbẹ̀ o. Ìdìbò mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀! Ìwọ lo dojú ọkọ̀ dé kí gbogbo Ọ̀kà lè máa ka ìdí rẹ̀. Ó yá, máa kà á padà."

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kejì

Mo lọ sí Ìkàrẹ́. Ọyẹ́ bo gbogbo òkè mọ́lẹ̀, a ò rí ju ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú wa lọ. Ọkùnrin tó ń ta ọ̀dà lọ́jà bi mí pé, "Bàbá, ṣé ilẹ̀kùn lẹ fẹ́ bó ni àbí géètì?"

Mo ní, "Ọkọ̀ ojú omi."

Ó wò mí. Ó wo apá ibi tí òkè wà nínú ọyẹ́. "Bàbá, níbo ni omi wà?"

Ìbéèrè tí gbogbo Ọ̀kà ti ń bi mí láti ìdìbò àkọ́kọ́ nìyẹn, àjèjì wá bi mí lójú ọjà. Mo ra galọ́ọ̀nù méjì. Iye tó gbà lọ́wọ́ mi, n kò ní kọ ọ́ síbí, torí n kò fẹ́ tún un kà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kejì

Àjálù. Mo wá nǹkan tí mo lè da rimúfà sí. Mo mú abọ́ rọ́bà aláwọ̀ ọsàn tí Limota fi ń sẹ́ ògì, èyí tí ìyá rẹ̀ gbé wá níbi ìsọmọlórúkọ Munir. Munir ti ní irun funfun báyìí. Mo da rimúfà sínú rẹ̀, mo gbé e sórí àpáta, mo lọ wá búrọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dé, ìdí abọ́ ti yọ́ lẹ̀ mọ́ àpáta, etí rẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. Mo fi igi gbé e. Ó nà bí ilá.

Mo fi rimúfà tó kù pa ọ̀dà ọkọ̀, kò tilẹ̀ mira.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kejì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ mo bi Alfa Anwar bóyá òórùn rimúfà lè ba ààwẹ̀ jẹ́, torí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ tì í lánàá, ó wọ ọ̀nà ọ̀fun mi bí ata.

Alfa ronú. "Alhaji, ṣé ẹ máa ń gbádùn rẹ̀?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fà á símú?"

"Ńṣe ni mò ń sá fún un."

"Ẹ máa ṣe é lọ. Ẹ kẹ̀yìn síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kí ẹ fi nǹkan bo imú."

Sàídì, tó wà lẹ́yìn wa, ní, "Alfa, èmi ni mò ń gbádùn rẹ̀. Ṣé kí n san ààwẹ̀ tèmi padà?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kejì

Ọyẹ́ ni ọ̀tá mi. Mo pa rimúfà lára ọkọ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó yọ tán ó ti gbẹ. Uthman ní kí n fi ọ̀rá bò ó. Níbo ni n ó ti rí ọ̀rá tó tó bo ọkọ̀? Lálẹ́ àná, lẹ́yìn ìṣínu ní mọ́ṣáláṣí, mo ń ṣa ọ̀rá píọ̀wọ́tà tí àwọn èèyàn ti mu tán, mò ń kó wọn sápò. Obìnrin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Alhaji, ṣé kò sí ìṣòro nílé? Munir kì í fowó ránṣẹ́ ni?" Mo ní ọkọ̀ ni mo fẹ́ fi bò. Àánú mi tún wá ṣe é sí i.

Mo fi sẹ́lótéèpù so wọ́n pọ̀ mọ́ra, mo fi bo ìdí ọkọ̀. Nígbà tí mo ṣí i lẹ́yìn ìrun Àsárì, ọ̀dà búlúù ti hunjọ bí ojú ògì tó ti tutù. Mo ti irin sábẹ́ rẹ̀, ó ń ṣí ní abala gbọọrọ gbọọrọ. Inú mi dùn títí mo fi rí i pé ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ ṢE SÙÚRÙ. Ohun tí mo kọ nígbà tí mo díje lẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn.

Sàídì mú abala kan, ó fi kọ́ ọgbà. "A ti ṣe é, Suleiman. A ti ṣe sùúrù náà tán."

Àwọn ọmọ iléekéwú ń kọjá lọ. Wọ́n ké pè mí, "Ànábì Nùhù! Ṣé ìkún omi ti dé ni?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kejì

Ìbọ̀wọ́ ya. Àtàǹpàkò ọ̀tún ń ta mí bí ẹni tí agbọ́n ta. N kò lè kọ púpọ̀.

Jímọ́ọ̀, 27 Oṣù Kejì

Al-Ameen, ọlọ́kadà tó ń ná Ugbe, gbé fúláàsì oúnjẹ wá nígbà tí ìṣínu kù díẹ̀. Ọ̀lẹ̀ gbígbóná, tí ẹyin wà nínú rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí omijé bọ́ lójú mi, àbí rimúfà ló fà á.

"Màmá ní kí n kí yín. Wọ́n ní abọ́ àwọn ńkọ́? Wọ́n fẹ́ fi sẹ́ ògì ààwẹ̀."

Mo ní, "Sọ fún wọn pé ó wà."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó wà. Orí àpáta ló wà. Irú òótọ́ yìí ni mo fi wọlé ìdìbò.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta

Mo yí gbogbo ọjà Ìkàrẹ́ ká, n kò rí abọ́ aláwọ̀ ọsàn. Obìnrin kan ní wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí òun ti wà ní ọmọge. Mo ra aláwọ̀ ewé, ó jọ ọ́ ní títóbi.

Sàídì yẹ̀ ẹ́ wò. "Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣe ìṣòro. Fi ọ̀dà kùn ún. Ṣé ọ̀dà tún jẹ́ àjèjì sí ọ ni?"

Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán mo wọ inú yàrá ẹrù, mo rí agolo ọ̀dà kékeré kan tó kù níbi tí a ti kun fèrèsé. Àwọ̀ ọsàn. Mo gbé abọ́ náà jáde síwájú ilé. Mo ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà kí n tó gbójú sókè. Ọkọ̀ náà wà níwájú mi, apá kan búlúù, apá kan aláwọ̀ ewé, apá kan ti wú bí ẹran tí eṣinṣin bá.

Mo dé agolo náà padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹta

Mo di abọ́ tó yọ́ sínú ìwé ìròyìn, mo fi rán Al-Ameen. Ó ní, "Alhaji, kí ni kí n sọ fún wọn?"

Mo ní, "Sọ pé èmi ni."

"Kí n kàn ní ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni. Sọ bẹ́ẹ̀, kí o máa bọ̀."

Ó rọrùn fún mi láti tọrọ àforíjì lórí Mẹ́kà ju lórí abọ́ yìí lọ. Àforíjì ti Mẹ́kà, mo ti ń tọrọ rẹ̀ tipẹ́, ó ti ń yọ̀ lẹ́nu mi bí epo.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹta

Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ti ṣí. OMI Ń BỌ̀ LỌ́NÀ. Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Nafisah, ẹni tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tiwa, fi ọ̀pá tilẹ̀ gòkè wá wò ó.

"Èyí ni mo dìbò fún," ó ní. "Mo gbé korobá síta lálẹ́ ọjọ́ náà."

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Ta ní ń bínú sí ọ? Wọ́n jí korobá náà lọ. Ẹni tó jí i ni mò ń bínú sí."

Oúnjẹ kò wá láti Ugbe láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹta

Kò sí oúnjẹ. Mo fi gàrí ṣínu.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹta

Ọ̀dà yẹ́lò, ti ìdìbò àkọ́kọ́. OMI DÉ! ỌKỌ̀ YÌÍ YÓÒ GBÉ YÍN DÉ ÌKÀRẸ́. Mo fẹ́ họ ọ́ kíákíá kí ẹnikẹ́ni tó dé, ṣùgbọ́n Sàídì ti wà lórí àga rẹ̀. Ó dìde, ó di etí agbádá rẹ̀ mú bí mo ṣe máa ń ṣe, ó sì fi ohùn tèmi gan-an kígbe: "Ẹ̀yin èèyàn mi! A ó dí omi sáàárín àwọn òkè wa! Ẹ kò ní fi owó wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ mọ́!" Àwọn tó ń ti oko bọ̀ dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó sọ ọ́ dáadáa jù mí lọ. Ǹ bá dìbò fún un.

Bí mo ṣe ń kígbe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí, Limota ń pín omi fún àwọn èrò. Orí ni ó fi rù ú gòkè wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹta

Ó ku ọ̀dà pupa. Ó le ju gbogbo wọn lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa rimúfà lé e kí ó tó rọ̀. Mo sé àwọn adìyẹ Limota mọ́lé, mo gbẹ́ kòtò jìnnà sí kànga láti bo ohun tí mo bá họ, gẹ́gẹ́ bí Uthman ṣe wí.

Ewúrẹ́ Sàídì ló fẹ́ pa mí. Mo rí i tó na ahọ́n sí ọ̀dà pupa lórí ilẹ̀. Mo sáré lé e, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fi ìdí jókòó sínú gbogbo ohun tí mo ti họ láti àárọ̀. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà iná ràn. Mo bọ́ ṣòkòtò níbẹ̀, lójú ọ̀nà, èmi tí wọ́n ń pè ní Párínsípà, mo sá wọlé, mo sì da gbogbo omi àlùwàlá ilé sí ara mi.

Sàídì wá sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń bẹ̀bẹ̀. "Suleiman, má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín mọ́, ẹ̀rín yìí ń gbẹ mí lọ́fun, oòrùn ò sì tíì wọ̀."

Mo ní kí ó lọ so ewúrẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ewúrẹ́ ti lọ sọ fún gbogbo àdúgbò."

N kò lè jókòó kọ èyí. Ìdúró ni mo wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹta

Mo dé igi. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin. N kò mọ̀ pé ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.

Jímọ́ọ̀, 20 Oṣù Kẹta

Ìtúnu ààwẹ̀. Mo wọ aṣọ funfun, mo lọ sí yídì, mo padà sílé tó dákẹ́. Limota kò wá. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́sàn-án, ó ń kán sórí igi ọkọ̀ náà, kò sì sí ọ̀dà kankan tó ń ṣàn wálẹ̀.

Munir pè láti Kàdúná. "Bàbá, kí ni ẹ ṣe fún abọ́ Màmá? Wọ́n gbé e kiri gbogbo Ugbe, wọ́n ń fi han èèyàn."

Mo ní, "Ṣé inú ń bí i gan-an ni?"

"Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín o, Bàbá. Wọ́n ní ẹ ní kí ọlọ́kadà sọ pé ẹ̀yin ni. Wọn ò lè parí ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù. N kò gbọ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí."

Èmi náà kò gbọ́ ọ rí. Mo ti fi ọ̀dà àti ìlérí lé ẹ̀rín náà jìnnà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹta

Uthman dé láàárọ̀ pẹ̀lú lọ́rì àti ọkùnrin mẹ́fà. Ó fi ìka kan ìdí ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń tẹ́tí sí i. Mo dúró bí ọmọ tí tíṣà ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó ní, "Sà, ẹ ti yege."

Wọ́n yí ọkọ̀ náà padà, ó sì kọjú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti dé Ọ̀kà. Wọ́n gbé e sẹ́yìn lọ́rì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so okùn ni ọ̀kadà Al-Ameen gòkè wá. Limota ló wà lẹ́yìn. Aṣọ funfun tí ó rán nígbà náà lọ́hùn-ún láti fi lọ sí Mẹ́kà ló wọ̀, èyí tí mo rò pé kòkòrò ti jẹ tipẹ́. Abọ́ tó yọ́ wà lábẹ́ apá rẹ̀.

Kò kí mi. Ó wo ibi tí ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́n bí ojú egbò. Lẹ́yìn náà ó bi Uthman pé, "Ọ̀nà ibo lẹ máa gbà?"

"Ìkàrẹ́, Màmá, ká tó kọjá sí Kábà."

"Ẹ gbé àkàbà wá."

"Màmá, inú ọkọ̀ kọ́ ni èèyàn ń jókòó sí lórí lọ́rì, ó léwu."

"Ṣé ìwọ lo fowó obì rà á?"

Wọ́n gbé àkàbà wá. Ó gòkè, ó jókòó sáàárín ọkọ̀, ó gbé abọ́ náà lé itan. Nígbà tó jókòó tán ni ó wò mí. "Bàbá Munir, ẹ tún ń dúró de omi ni?"

Mo gun àkàbà náà. Sàídì tì mí láti ẹ̀yìn, níbi tí ó ṣì ń dùn mí.

Gbogbo Ọ̀kà ló jáde. Lọ́rì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ọkọ̀ ń mì jẹ́jẹ́ bí ẹni pé omi wà nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ iléekéwú ń sáré tẹ̀lé wa. Ẹnì kan kígbe, "Alhaja! Alhaja!" gbogbo wọn sì gbè é. Ìyá Nafisah dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó gbé korobá tuntun kan sókè sí mi. Limota di etí ọkọ̀ mú, ó ń juwọ́ sí òsì, ó ń juwọ́ sí ọ̀tún, kò rẹ́rìn-ín, ó ń ṣe é bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́.

Ní Ìkàrẹ́, a sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Owó tí Uthman fi ra ọkọ̀ náà, ọwọ́ Limota ni mo ní kí ó kó o sí. N kò béèrè iye tó jẹ́. A dúró lójú títì títí lọ́rì fi wọ ọ̀nà Arigidi.

Limota ní, "Ẹ sọ pé ọkọ̀ yẹn máa gbé èèyàn dé Ìkàrẹ́. Ó gbé mi dé."

Mo ní, "Ó gbé ọ dé."

"Ó ku Mẹ́kà."

Owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó Mẹ́kà, àwa méjèèjì mọ̀. Mo ṣí ẹnu láti ṣèlérí. Mo tún un pa dé. A wọkọ̀ padà sílé.

Jímọ́ọ̀, 3 Oṣù Kẹrin

Lẹ́yìn ìrun, nígbà tí Alfa Anwar ní, "Alhaji, ẹ kú ọjọ́ Jímọ́ọ̀," mo dìde láàárín gbogbo èèyàn, mo ní kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ìyá Munir yóò fi lọ sí Mẹ́kà kó sì dé. Mo ní Suleiman ni orúkọ mi. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, ní ṣókí. Alfa fi ọwọ́ kan iwájú orí mi wò. Ó fọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi Sàídì pé, "Ṣé òórùn nǹkan yẹn kọ́?"

Nígbà tí mo fi máa dé ilé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi dé. Limota wà ní ilé ìdáná, ó ń fi abọ́ aláwọ̀ ewé sẹ́ ògì. Kò sí obìnrin kan ní ìdílé wa tó pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi kò ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀.

"Suleiman!" ó pè mí.

Mo dáhùn pé, "Mà!"